Ẹni Tó Ń Dúró Ló Ń Rí Oòrùn

Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni Odette kọ́kọ́ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ìsọ̀, ó ń fi àkísà nu kárò kan, irú táìlì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sunkún sùn.

Ó gbójú sókè. Ó rí gèlè dúdú, ó rí bàtà tí ẹrẹ̀ ọ̀nà Tré bò.

“Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, màdáàmù. Ẹ̀yìn ẹni tó lọ á dára.”

“Àmín. Ìyá mi ni. A fẹ́ tẹ́ kárò sórí ibojì rẹ̀ kí ọjọ́ àwọn òkú tó pé.”

Ọkùnrin náà, Mọ́ṣúdù, ọmọ Àlájì Yẹ̀kínì tó ni ìsọ̀, kó kárò jáde. Èyí funfun bí ẹfun. Èyí ní iṣan dúdú. Òmíràn pupa bí ilẹ̀ abẹ́ igi kajú, kì í dán, ṣùgbọ́n oòrùn kò lè bà á jẹ́. Bí Odette bá ti fẹ́ mú ọ̀kan, òmíràn a pè é. Funfun ni ìyá máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ilẹ̀ pupa ni ìyá fi gbogbo ayé rẹ̀ ro. Èwo gan-an ni ìyá? Ó tò wọ́n, ó tú wọn ká, ó tún wọn tò. Mọ́ṣúdù ń gbé, ó ń sọ̀, kò sọ pé ó rẹ òun.

Ohùn Grégoire, àbúrò ìyá rẹ̀ tó fi alùpùpù gbé e wá, ló ta á jí.

“Odette! Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ sùn ni? Láti ọ̀sán ni mo ti ń dúró!”

“Tọ́ntọ̀n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni o.”

“O ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ni? Wo ìta!”

Ó wo ìta. Òjìji òkè ti bo títì, àwọn ọlọ́jà ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹnu yà á.

Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bá a wí, bàbá. Ẹni tí ohun rere pọ̀ níwájú rẹ̀ kì í rí oòrùn. Ẹni tó ń dúró dè é ló ń rí i.”

Nírọ̀lẹ́, Odette bu oúnjẹ ẹni méjì, ó dá ti ẹnì kan padà sínú ìkòkò. Bohicon ló ti wá tọ́jú ìyá nígbà tí àìsàn dé, ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ níbẹ̀ kò sì dúró dè é. Láti ìgbà tí ìyá ti kú, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo nínú ilé yìí gùn ju oṣù lọ. Ọ̀sán òní nìkan ló lọ láìjẹ́ kó mọ̀.

Kò tíì yan kárò. Ó padà lọ. Ó tún padà lọ.

“Ṣé kárò lẹ ń yàn,” ni Mọ́ṣúdù bi í lọ́jọ́ kan, “àbí ẹni tó ń tà á?”

“Ẹni tó ń tà á ò sí lára ọjà.”

“Ta ló sọ fún yín?”

Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò fi ọmọ sílẹ̀. Ìdí àpótí kárò ló ti máa ń jẹun ọ̀sán, òun nìkan. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ́ jáde: “Odette, fẹ́ mi.”

“Ìwọ ń kírun, èmi ń lọ sí Mísà. Jẹ́ kí n rò ó.”

“Rò ó. Mà á dúró.”

Kárò pupa ni Odette yàn níkẹyìn, Grégoire ló sì lọ kó o. Odette kò fẹ́ fojú kan ìsọ̀ náà láìmú ìdáhùn dání. Wọ́n tẹ́ ibojì, wọ́n tan àbẹ́là sórí rẹ̀. Ó ń rò ó. Kí ni fadá máa wí? Ọmọ tí wọ́n bá bí ńkọ́? Ibo ni wọ́n máa sin òun sí? Bó bá yanjú ọ̀kan, òmíràn a yọjú.

Ní ọjọ́ kan Grégoire dé láti ọjà. “Àlájì ti rí ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ ní Glazoué. Wọ́n ní ó dúró de ẹnì kan títí, ẹni náà kò wá.”

Àyà Odette já. “Ṣé mo wá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?”

“Nígbà tó bi ọ́, òjò ń rọ̀. Fọwọ́ kan ètè rẹ.”

Ó fọwọ́ kàn án. Ọyẹ́ ti là á.

“Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi,” ni Odette wí.

“Tí ọkàn rẹ bá ti dúró sójú kan, dìde. Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́.”

Mọ́ṣúdù ti rù nígbà tí Odette bá a ní ìsọ̀.

“Lójú mi, bí ìjẹta ni,” ni Odette wí.

“Lójú tìrẹ. Ní tèmi, gbogbo alùpùpù tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí ni mo ń dìde fún.”

Odette kọjá lára rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Àlájì tó jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ìsọ̀.

“Bàbá, mi ò ní fi Mísà sílẹ̀, mi ò sì ní sọ pé kó fi ìrun sílẹ̀. Mi ò mọ bí gbogbo ìyókù á ṣe rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òun ni mo fẹ́.”

Àlájì tún fìlà rẹ̀ ṣe. “Àwọn ará Glazoué ń retí wa.”

“Ṣé ẹ ti lọ, bàbá?”

“A ò tíì lọ.” Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. “Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ kí wọ́n wá rí mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.”

Mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Fadá kò wá, lèmọ́ọ̀mù kò wá. Ọ̀pọ̀ bẹ́ǹṣì ló ṣófo, ọyẹ́ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Grégoire jókòó níwájú, Àlájì sì wà lọ́hùn-ún lẹ́yìn, òun nìkan. Odette wo àyè tó yẹ kí ìyá rẹ̀ jókòó sí, omi gba ojú rẹ̀. Mọ́ṣúdù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí. Kò tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀ tí Odette fi dáhùn pé òun gbà.

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, àti Àlájì náà.