Ẹni Tó Gba Iṣẹ́ Láago Méjì

Ohun àkọ́kọ́ tó ya Ìyá Nọ́ọ̀sì lẹ́nu nílé ìwòsàn ìlú òkèèrè náà ni pé kò ní òórùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa imú bí ẹni tí ọbẹ̀ ń jóná mọ́ lọ́wọ́, kò sì gbóòórùn nǹkan kan. Kò sí káńfọ̀, kò sí sípírítì, kò sí òórùn ọṣẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀, kódà kò sí òórùn èèyàn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì mọ̀ pé ibi tí aláìsàn bá wà, òórùn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó mú un wá.

"Ṣé ibí yìí gan-an ni?"

"Ibí ni, Mà."

Ilẹ̀kùn gíláàsì rí wọn, ó ṣí fúnra rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì ti ní "Ẹ ṣeun o" kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó ṣí i. Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ò jinlẹ̀.

Àìsàn àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ló gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ ogbó. Ọ̀gá ni ìyá máa ń pe ọmọ náà, torí pé láti ọmọ ọdún méjì ló ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Ìfun Ọ̀gá ló lọ́ mọ́ra lójijì, wọ́n sì sáré là á níkùn. Nígbà tí ìyá fi máa gúnlẹ̀, wọ́n ti ní iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ìyá gbọ́, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ títí ó fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀.

Ibùsùn mẹ́rin ló wà nínú yàrá náà. Ọkùnrin olóríi pípá kan tó ń hanrun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá arúgbó kan tẹ̀ lé e, awakọ̀ kan tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ tẹ̀ lé bàbá, Ọ̀gá sì ni ẹnì kẹrin, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìyá kí gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń wọ ṣòkòtò àti bàtà kánfáàsì, wọ́n sì kọjú sí kọ̀ǹpútà bí ẹni pé inú rẹ̀ ni àwọn aláìsàn wà. Kò sí ẹbí tó tẹ́ ẹní síta, kò sí ẹni tó ń fọ aṣọ aláìsàn tàbí tó gbé abọ́ oúnjẹ wá. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, aago mẹ́rin ni wọ́n ń lé wọn jáde.

Ìyá rí i pé omi tó ń kán sínú iṣan Ọ̀gá fẹ́ tán. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ara rọ́bà náà. Nọ́ọ̀sì kan tó wọ gíláàsì ojú yọ lójijì, ó rọra mú ọwọ́ náà kúrò, bí ìgbà tí a bá ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì sọ nǹkan.

"Ó ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, Mà," ni ìyàwó túmọ̀, tójú ń tì í.

Ìyá jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ itan. Ọwọ́ tó ti gbẹ̀bí ọmọ tí kò níye, àlejò làsán ló dà níbí yìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tó rí nọ́ọ̀sì mìíràn lẹ́sẹ̀ ibùsùn olóríi pípá. Aṣọ funfun tó le gbagidi fún sítáàṣì ló wà lọ́rùn eléyìí, fìlà funfun wà lórí rẹ̀, aago kékeré kan sì dorí kodò lára àyà rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ láyé ìgbà tí ìyá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ọkùnrin tó ń hanrun náà. Inú ìyá dùn. Ó tẹrí ba, nọ́ọ̀sì náà sì mi orí sí i.

"Sístà yẹn á ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́," ni ìyá wí.

Ìyàwó gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀, ó wo apá fèrèsé. "Èwo nínú wọn, Mà?"

Nílé, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń pààrọ̀ iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á jọ máa rìn láti ibùsùn dé ibùsùn. Èyí tó ń lọ á gbé ọwọ́ lé irin ibùsùn, á pe orúkọ aláìsàn, á sọ ohun tó ń ṣe é, bó ṣe sùn, ohun tó jẹ àti ohun tó kù tí wọ́n á ṣe fún un. Èyí tó ń bọ̀ á ní, "Mo gbà á." Ìgbà yẹn ni ẹni àkọ́kọ́ á tó gbọ́wọ́ kúrò. Mátírọ́ọ̀nù tó kọ́ wọn kì í fi ètò yìí ṣeré rárá. Ó máa ń sọ fún wọn pé tẹ́ ẹ bá ti fa aláìsàn lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ó ti kúrò ní tiyín.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ètò náà dá wàhálà sí ìyá lọ́rùn. Ọ̀gá wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, ibà líle sì dá a dúbúlẹ̀ sílé. Ìyá ń kánjú. Nọ́ọ̀sì kan tó wọ aṣọ funfun pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọdé, ìyá ò sì wojú ẹni náà dáadáa. Ó fa ọmọbìnrin kékeré kan tí èéyi ń ṣe lé e lọ́wọ́, ẹni náà ní, "Mo gbà á," ìyá sì sáré lọ. Nígbà tó délé, ibà Ọ̀gá ti fò lọ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn kú kí aago mẹ́ta tó lù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́jọ́ náà búra pé òun pẹ́ kóun tó dé, pé kò sẹ́ni tó fa ọmọ kankan lé òun lọ́wọ́. Ìyá ní irọ́ ló ń pa. Àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọ̀rẹ́ náà fi kú.

Lọ́jọ́ kejì, ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti ṣófo. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sí i, ó le bí awọ.

"Olóríi pípá ńkọ́?"

Ìyàwó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì onígíláàsì ojú. Ẹni náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn kì í sọ̀rọ̀ aláìsàn kan fún ẹlòmíì. Nílé, ẹkún ló máa ń sọ fún gbogbo yàrá pé ẹnì kan ti lọ. Níbí, aṣọ ibùsùn ni wọ́n kàn ń nà.

Nígbà tó di aago méjì, nọ́ọ̀sì aláṣọ funfun dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn bàbá arúgbó. Ọmọbìnrin bàbá náà gbé ọwọ́ lé irin ibùsùn, ó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré ní èdè tiwọn, bí ẹni tó ń jíṣẹ́. Nígbà tó parí, ó gbọ́wọ́ kúrò. Lọ́jọ́ kẹta, ibùsùn bàbá ti ṣófo. Ìyàwó awakọ̀ ló wá ń bá aláṣọ funfun sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun náà sì gbọ́wọ́ kúrò. Ọkàn ìyá sọ nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹrin ni dókítà wá wo ojú abẹ, ó ní Ọ̀gá á lọ sílé lọ́la. Inú ìyá dùn débi pé ó ń fi ẹsẹ̀ jó lórí ìjókòó. Kò tilẹ̀ wo ibùsùn awakọ̀ tó ti ṣófo. Ìyàwó jáde lọ ra omi. Ọ̀gá sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bó ṣe máa ń là láti kékeré.

"Ẹ kú iṣẹ́, Sístà."

Ìyá gbójú sókè. Aláṣọ funfun ló dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn, èdè wa ló sì ń sọ, geere bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà lágboolé kan. Ó tó ọdún mọ́kànlá, láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnikẹ́ni ti kí ìyá báyìí kẹ́yìn. Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Sístà mi."

"Ta lẹ ní lórí ibùsùn yìí?"

Iṣẹ́ ò tíì kúrò lára Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ó dìde dúró ṣánṣán, ó gbọ́wọ́ lé irin ibùsùn. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ ní kíkún, ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ó ní ọjọ́ kẹsàn-án iṣẹ́ abẹ ìfun rèé. Ó ní ojú abẹ gbẹ, ara ò gbóná, ó sùn dáadáa, ó ti ń ta ìsó, ó mu ògì òyìnbó tí wọ́n pò láàárọ̀, ó mu ún tán.

"Kí ló kù?"

"Ó kù kó lọ sílé."

"Mo gbà á," ni aláṣọ funfun wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí eléyìí."

Ìyá gbọ́wọ́ kúrò lára irin.

Ìgbà yẹn ni òórùn kan gbòde. Òun ni òórùn àkọ́kọ́ tí ìyá gbọ́ nínú ilé náà, kò sì jẹ́ tibẹ̀ rárá. Káńfọ̀ ni, àti sípírítì, àti sítáàṣì tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Òórùn ẹnu ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọdé ni, láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ohùn tó ní "Mo gbà á" lọ́jọ́ náà ló tún ní "Mo gbà á" lónìí. Ìyá wá mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ò parọ́.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ibùsùn mú. "Mo gbà á padà! Ẹ jọ̀ọ́, mo gbà á padà!"

Aláṣọ funfun ti kọ̀yìn sí i. "Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń gbà, Sístà," ó rọra wí. "Ẹ̀yin ti fẹ̀yìn tì."

Nígbà tí ìyàwó wọlé, ìyá nìkan ló bá tó di irin ibùsùn mú. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì onígíláàsì ojú. Ìyá sọ ọ̀rọ̀, ìyàwó túmọ̀, nọ́ọ̀sì wo ikùn Ọ̀gá, ó wo ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n ní ara Ọ̀gá le, Mà. Wọ́n tún ní ó ti pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kankan ti wọ fìlà funfun níbí kẹ́yìn."

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ ẹni yẹn. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn sáà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà á."

Ìyàwó wo ilẹ̀. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ìyẹn fún wọn, Mà."

Aago mẹ́rin lù. Ẹ̀ṣọ́ kan wá, ó di ìyá ní ìgbọ̀nwọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó mú un jáde. Ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí fún un fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, aago kan bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ló kọ́kọ́ wọ yàrá náà. Ibùsùn kẹrin ṣófo. Wọ́n ti na aṣọ rẹ̀, ó le bí awọ. Ìyá ṣubú lulẹ̀, ẹkún tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mú kí gbogbo nọ́ọ̀sì gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Mọ́mì! Mọ́mì, kí ló dé?"

Ọ̀gá ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, tó wọ aṣọ ilé, tó fọwọ́ di ikùn mú. "Àbí ẹ ò fẹ́ ká lọ sílé ni?"

Ìyá dì mọ́ ọn. Ó gbóòórùn ọrùn rẹ̀, òórùn ọmọ tirẹ̀ ni. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ń bú ara rẹ̀ ní arúgbó aláròyé. Ìyàwó náà ń nu ojú.

Nínú ọkọ̀, ìyàwó ló ń wà, Ọ̀gá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá nìkan sì wà lẹ́yìn. Oòrùn ń ràn lójú títì. Ọ̀gá ń fi ìka lu orúnkún, inú rẹ̀ dùn.

"Mọ́mì, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀."

"Ọ̀rẹ́ wo?"

"Sístà tó wọ funfun. Ó wá kí mi láàárọ̀. Ó gbọ́ èdè wa ju èmi gan-an lọ!" Ó yán. "Ó ní ẹ̀yin lẹ fà mí lé òun lọ́wọ́. Mo ní wọ́n ti ní kí n máa lọ, ó ní kí n máà ṣèyọnu, pé a jọ ń lọ ni. Ó ní aago méjì ni iṣẹ́ òun máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ìyá wo aago iwájú ọkọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù kó lu méjì.

"Yára, ìyàwó mi. Yára wakọ̀." Kò mọ ibi tó ní kí ó yára lọ.

Ìyàwó fa imú. "Mọ́mì, ṣé ẹ fi káńfọ̀ sínú aṣọ yín ni? Gbogbo ọkọ̀ ló ń rùn."

Ìyá na ọwọ́ síwájú, ó di èjìká ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú látẹ̀yìn, bó ṣe di irin ibùsùn mú lánàá. Tìmùtìmù ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rọra wọlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó. Kò lè yíjú síbẹ̀.

"Mi ò fà á lé yín lọ́wọ́ mọ́," ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ dákun, Sístà. Mi ò fà á lé yín lọ́wọ́ mọ́."

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, Mọ́mì?" Oorun ti wà lóhùn Ọ̀gá. Ìka rẹ̀ ti dá dúró lórí orúnkún. Orí rẹ̀ rọra fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀, bó ṣe máa ń là láti kékeré.