Omi Kẹ́tùlù Kì í Wo Orí Sàn

Mizuho ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí fèrèsé. Ó fi aṣọ ìnura bojú, ìrẹsì àti ẹja ti tutù níwájú rẹ̀. Kiyotaka, bàbá rẹ̀, bi í pé:

"Ṣé kò séwu?"

"Kò séwu, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń béèrè ní Kamaishi, ìlú wọn ní Japan, òun náà ni wọ́n fi ń dáhùn. Bí ẹni pariwo sínú kànga ni: ohùn tí o jù sí i náà ló ń dá padà fún ọ.

Oṣù kan rèé tí ọmọ náà forí gbá orúnkún ẹnìkan lórí pápá rọ́gbì. Ó dákú díẹ̀. Kiyotaka ló gbé kẹ́tùlù sáré wọ pápá, ó da omi tútù lé e lórí bí wọ́n ti máa ń ṣe fún òun náà láyé ọjọ́un tó ń gbá rọ́gbì. Ọmọ dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, èrò pàtẹ́wọ́. Àtìgbà náà, orí fífọ́ ò lọ, òòyì ń kọ́ ọ, ìwé ò ṣeé kà. Ìdíje rọ́gbì sì di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

"Màá gbá a," ni Mizuho wí. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò mi."

Sanae, ìyá rẹ̀, gbé abọ́ sílẹ̀ gbàà. "Gbá kí ni? Ọmọ tí ò lè wo iná! Bàbá Mizuho, ẹ̀yin àti kẹ́tùlù yín, ẹ jọ gbé ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí!"

Dókítà Hoshikawa, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn eléré ìdárayá, kò béèrè bóyá ewu wà. Ó ní, "Níbo ló ń dùn ọ́?"

Mizuho wo bàbá rẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ẹ̀yìn ojú. Ọrùn. Bí mo bá yíjú, yàrá á máa yí tẹ̀lé mi. Mi ò fẹ́ dójú ti Bàbá ni."

Kiyotaka ò mọ ibi tó máa fojú sí. "Dókítà, ṣé kó máa sùn nínú òkùnkùn ni?"

"Rárá o! Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì nìyẹn wà fún. Ní báyìí, kó máa rìn lójoojúmọ́. Bí orí bá fọ́ díẹ̀ sí i, kò burú. Bó bá le, kó dín ìrìn kù. A máa tọ́jú ọrùn, a máa kọ́ ojú àti ẹsẹ̀ kí òòyì lè lọ. Ilé-ìwé, díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ rọ́gbì, ó di ìgbà tí mo bá fọwọ́ sí i. Orí tí ò tíì san, bó bá tún gbá nǹkan, ó lè gbẹ̀mí."

"Omi kẹ́tùlù ńkọ́?"

"Ẹ fi se tíì."

Ní ọjọ́ Àìkú, bàbá àti ọmọ ń rìn létí òkun. Kẹ́tùlù tíì tí wọ́n fi ọkà bálì sè wà lọ́wọ́ Kiyotaka.

"Bàbá, ẹ tún gbé kẹ́tùlù jáde?"

"Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an nìyí."

Ariwo èrò dún wá láti pápá tí ìdíje ti ń lọ. Mizuho dúró. Bàbá rẹ̀ fẹ́ sọ "Ṣé kò séwu," ó gbé e mì.

"Níbo ló ń dùn ọ́?"

"Àyà, Bàbá. Ó wù mí kí n wà níbẹ̀."

Kiyotaka da tíì sínú ife fún un. "Mu ún. Orí rẹ wù mí ju ife ẹ̀yẹ lọ."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, mò ń bá yín wí, inú yín ìbáà má dùn: ẹni tó dìde kọ́ ló san! Ẹni tó bá forí gbá, ẹ mú un kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tàbí tí kò ṣeé jí, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Bí orí fífọ́, òòyì, àìróorunsùn tàbí ìbínú òjijì bá pẹ́ lára rẹ̀, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ; ìtọ́jú wà. Ẹ má kàn bi í pé ṣé kò séwu. Ẹ bi í ibi tó ń dùn ún, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn.