Ìbọn Tí Wọ́n Fi Ń Bẹ̀rẹ̀ Eré

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó wà ní pápá Peckham Rye ní London lọ́jọ́ Sátidé náà lé ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn ló sì fojú ara wọn rí i. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé Gàníyù ti gba ìkìlọ̀ ṣáájú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ èyí níbẹ̀.

Gàníyù ni ẹgbẹ́ àsàlátù yàn láti máa fún àwọn ọmọ ní àmì eré sísá lọ́dọọdún. Lọ́dún tó kọjá, fèrè ló fọn. Àwọn ará Brockley, ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń díje, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí kálukú fi relé, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún dé eegun. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé bàbá òyìnbó kan ní Bermondsey fẹ́ ta ìbọn tó fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, kò fẹsẹ̀ falẹ̀ rárá.

Ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ni, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí po. Ariwo lásán ló ń pa, kò lè yin ohunkóhun jáde. Ó wúwo. Ó tutù. Lẹ́tà kan wà nínú àpótí rẹ̀. Àwọn tó ṣe ìbọn náà ló kọ ọ́: kí ẹnikẹ́ni tó bá ní irú rẹ̀ fi ránṣẹ́ padà, àwọn yóò pààrọ̀ irin kan nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ó lè dún láìjẹ́ pé ẹnì kan fà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àtúnṣe náà yóò gbà.

"Ẹ kò fi ránṣẹ́?" Gàníyù bi í.

Bàbá náà wolẹ̀. "Mo ní kí àsìkò eré parí ná."

Gàníyù san owó, ó gbé àpótí náà.

Nígbà tí Gàníyù délé, Sìdíkàt ìyàwó rẹ̀ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Daddy Yusrah, ẹ bá mi post ẹ̀ lọ́la."

"Sports day ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré."

"Ẹ fọn fèrè."

"Kí àwọn ará Brockley tún fi mí ṣẹ̀sín? Tòkunbọ̀ ló lágbára jù, jàre. Ẹ̀rù court ló ń ba àwọn company yẹn."

Bẹ́ẹ̀ ló rí lójú Gàníyù. Láti orí fíríìjì dé orí kóòtù tó ń wọ̀, tòkunbọ̀ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó dójú tì í rí.

Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè tó ṣáájú Sátidé náà, ó wà ní pálọ̀. Ìbọn náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá, kò ní ọta nínú.

Ó dún. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Gàníyù sáré wọ yàrá. Àpótí wà ní pípadé. Ó ṣí i. Kò sí èéfín. Kò sí òórùn. Ilé ọta ṣófo. Nígbà náà ló gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Yusrah ni, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti sáré débi tí ọ̀ọ̀dẹ̀ pin sí. Iwájú orí rẹ̀ wà lára ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń sáré lójú kan.

"Yusrah!"

Ẹsẹ̀ náà dúró. "Daddy, kí ni mò ń ṣe níbí?"

"Ìró yẹn ló dẹ́rù bà ẹ́?"

"Ìró wo?"

Sìdíkàt kúnlẹ̀. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi ìbọn yìí ránṣẹ́."

Gàníyù mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. "Lẹ́yìn Sátidé," ló wí.

Oòrùn ràn lọ́jọ́ Sátidé náà. Ọmọbìnrin mẹ́fà tò sórí ìlà, Yusrah ló ṣe ẹ̀kẹta. Gbogbo pápá dákẹ́. Gàníyù kò tíì gbọ́wọ́ sókè. Ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀, ìka rẹ̀ kò kan ibi tí wọ́n ń fà.

Ó dún.

Àwọn ọmọ gbéra. Márùn-ún dé ìdí okùn òpin eré, wọ́n dúró. Yusrah já okùn náà, ó ń lọ. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Ọmọ náà sọdá títì, kò wọ̀tún, kò wòsì. Gàníyù ju ìbọn sílẹ̀, ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń sáré tẹ̀ lé e títí èémí fi tán nínú rẹ̀.

Àsúmáù, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́, ló fi mọ́tò lé ọmọ náà bá ní Brockley. Bàtà rẹ̀ ti ya. Kò làágùn. Kò mí hẹlẹhẹlẹ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Gàníyù fi ìbọn náà ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n dá a padà fún un, wọ́n ní kò séwu mọ́. Kò ṣí àpótí rẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ká ní ó gbọ́ ti Sìdíkàt ni! Àbámọ̀ ló fi ń sùn, òun ló fi ń jí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yusrah ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lábẹ́ tábìlì, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ báyìí. Gàníyù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di méjèèjì mú.

"Yusrah, eré ti parí. O ti dé. Daddy ló ṣẹ̀ ẹ́, jọ̀ọ́."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò gbójú sókè nínú ìwé. "Not yet, Daddy. Wọ́n ní ó ku díẹ̀."

"Ta ni wọ́n?"

"Àwọn tó wà níwájú mi."

Sìdíkàt jáde láti kíṣìnì.  Ó jókòó sílẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó dì í mú. Gàníyù di ìkejì mú. Agbára ẹsẹ̀ náà ti ju tàná lọ.