Kámẹ́rà Ńlá, Lẹ́ńsì Yẹpẹrẹ

Nígbà tí owó epo ń ya wọ Warri, Sàláhúdéènì, ayàwòrán kan ní Ogunu, ra kámẹ́rà olówó gọbọi. Owó rẹ̀ tán sórí kámẹ́rà, ló bá so lẹ́ńsì àlòkù yẹpẹrẹ mọ́ ọn. Ta ni yóò mọ̀? Kámẹ́rà ni àwọn oníbàárà ń wò, òun náà sì ń gbé e yan fanda kiri ìgboro.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìtunu Ààwẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù oníṣòwò aṣọ pè é wá ya ẹbí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìyá rẹ̀, Àjọkẹ́, tó ti Ọ̀yọ́ wá kí wọn, jókòó sáàárín. Ìyá kọ̀. Ó ní òun ò jẹ́ gba àárín níbi tí Àlàájì Bàdírù, ẹ̀gbọ́n ọkọ òun, bá wà. Ó lọ jókòó sí ìpẹ̀kun, Àlàájì sì bọ́ sáàárín. Fọ́tò kékeré tó jáde dára, wọ́n sì yin Sàláhúdéènì.

Kò pẹ́ tí ìyá padà sílé tó fi jáde láyé. Kò ní fọ́tò mìíràn. Wúlẹ̀mọ̀tù ní kí Sàláhúdéènì yọ ojú ìyá òun, kó sọ ọ́ di ńlá fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Sàláhúdéènì tẹ̀ ẹ́ títí, bàìbàì ló ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló gbé e lọ! Sàdíátù, ọmọ Wúlẹ̀mọ̀tù, wò ó lójú àwọn àlejò, ó ní, "Mama, na who be dis?"

Wúlẹ̀mọ̀tù fi ìborùn rẹ̀ bo fọ́tò náà, ó bú sẹ́kún. Sàláhúdéènì ò mọ ibi tí yóò fojú sí.

Ó mú fíìmù tó fi ya fọ́tò náà, ó gba ọ̀dọ̀ Ọlágbénró, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, lọ. Ọ̀gá gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé fíìmù náà.

"Ojú ọkùnrin tó wà láàárín mọ́ díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ni lẹ́ńsì burúkú ti máa ń dójú tini jù. Ohun tí lẹ́ńsì ò bá gbé wọlé, kò sí kámẹ́rà tó lè dá a. Kékeré tí fọ́tò yẹn kéré ló bo àléébù ẹ."

"Ọ̀gá, ṣé kò sí àtúnṣe?"

"Kò sí."

Ọ̀gá ní kó tó fi lẹ́ńsì gbaṣẹ́, ńṣe ló yẹ kó lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, kó yà á, kó sọ ọ́ di ńlá, kó sì wò ó bóyá lẹ́tà tó wà ní igun rẹ̀ ṣeé kà.

Sàláhúdéènì lọ kúnlẹ̀ bẹ Wúlẹ̀mọ̀tù. Obìnrin náà ò bú u. Ó kàn ní, "Ọmọ tí Sàdíátù máa bí ò ní mọ ojú ìyá mi."

Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kámẹ́rà ńlá tan ènìyàn jẹ. Lẹ́ńsì tó bá a mu ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ sì dán an wò kẹ́ ẹ tó gbaṣẹ́. Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù ò lè padà wá jókòó mọ́.