Ìwé Abẹ́rẹ́ Tí Kò Dárúkọ Ibi Tí A Ó Lọ

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ibo gan-an ni kí n gbé ọmọ yìí lọ lọ́la?”

Láti Alájùẹ ni Àtinúkẹ́ ti fẹsẹ̀ rìn wá sí ilé ìwòsàn l'Ẹ́dẹ, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ìkéde wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Sàdíátù gbà á, ó kà á: “Ẹ gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ Ẹtì ní”. Ó tán síbẹ̀.

Sàdíátù yí ìwé náà padà, kò rí orúkọ ìlú kankan. Ìlú Sẹ́kọ̀nà ni wọ́n ń gbé abẹ́rẹ́ yìí lọ, nínú kúlà yìnyín kan ṣoṣo. Láyé ológun yìí, kẹrosíìnì tí firíìjì ń mu ti di ohun à ń wá kiri. Bí àwọn ìyá kò bá débẹ̀ kí yìnyín tó yọ́, abẹ́rẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ó sáré bá Olúmúyìwá, akọ̀wé tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún wọn.

“Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí ló ń jẹ ọ̀rọ̀, Mà.” Ó ti pààrọ̀ ríbọ́ọ̀nù, ó sì ti gbá ẹ̀rọ náà létí lẹ́ẹ̀mejì.

“Bùrọ̀dá mi, ẹ yé lù ú,” ni Kíkẹ́lọmọ àbúrò rẹ̀ wí tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyanṣẹ́lódì ló lé e wálé láti yunifásítì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló sì ń kọ́. “Ààyè mélòó lẹ ní kó fún ìlà kan?”

“Márùndínlọ́gọ́rin. Lẹ́tà ìlà náà kò sì tó àádọ́ta! Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, ó pé pérépéré. Bébà wọ́n, n kò fẹ́ tún fi òmíràn ṣòfò.”

“Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ jẹ́ ká pe ààyè yẹn ní àga: lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan, àga kan. Tiwa tó ní àmì lórí àti lábẹ́ dà bí ìyálọ́jà tó gbé ẹrù wọ ṣọ́ọ̀ṣì: àga méjì, mẹ́ta, ó tiẹ̀ lè gba márùn-ún. Àga ni kọ̀ǹpútà ń kà, kì í ka èèyàn. Bí àga bá ti kún, ó ti àwọn tó kù síta nìyẹn.”

“Ṣé ká yọ àmì kúrò ni?” ni Sàdíátù béèrè.

“Rárá o, Mà. Ta ni yóò kà á geere? Ẹ jẹ́ ká fi àga kún un. Ìlú ni nǹkan ti wọ́n, kò wọ́n nínú kọ̀ǹpútà.”

Ó tún un ṣe, ó tẹ ẹyọ kan. Àtinúkẹ́ kà á sókè dé òpin: “…lọ́jọ́ Ẹtì ní Sẹ́kọ̀nà!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fagi lé ojú àwọn ìwé àkọ́kọ́ tó kù nílẹ̀, wọ́n tẹ tuntun sí ẹ̀yìn wọn, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dé Alájùẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, yìnyín ṣì wà nínú kúlà nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn gba tirẹ̀. Ọmọ Àtinúkẹ́ olóorun ni. Igbe tó ké mú inú Sàdíátù dùn débi pé omi bọ́ lójú òun náà.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé Yorùbá, Yorùbá ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ fún àwọn lẹ́tà wa láàyè tó tó wọn. Ẹ tẹ ẹyọ kan, kí ẹ kà á dé òpin ìlà, kí ẹ tó tẹ igba. Bí bébà ti wọ́n tó, ọmọ wọ́n jù ú lọ.