Ìgò Chablis Mẹ́fà Ilé Mummy Veronica

Ìgò wáìnì funfun mẹ́fà ló pòórá nínú kọ́bọ́ọ̀dù Mummy Veronica ní Thamesmead Moorings, wọ́n sì ní Àpèkẹ́ tó ń tọ́jú Mummy ló jí i. Ẹ gbọ́ ìwà ìkà! Obìnrin tó ti ń wẹ̀ fún arúgbó láti ọdún mẹ́fà. Bí ẹ̀sùn yìí bá lẹ̀ mọ́ ọn, ta ni yóò tún gbà á síṣẹ́ ìtọ́jú ní London?

Chablis ni, wáìnì ilẹ̀ Faransé, tí olóògbé Daddy Obed kó pamọ́. Lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ìgbéyàwó wọn, Mummy a ṣí ẹyọ kan, wọn a fi jẹ ẹja tí kò láta, torí Daddy ní ata ń pa adùn rẹ̀. Ọjọ́ Tuesday tí wọ́n ti hospital dé ni wọ́n bá kọ́bọ́ọ̀dù lófìfo.

Francis ọmọ wọn ló pe ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kejì, Inspector Títílọlá dé láti Woolwich.

"Empty bottle wà nínú báàgì ẹ̀, I saw it!" Francis nawọ́ òsì tó wé ní báńdéèjì sí Àpèkẹ́.

Àpèkẹ́ fúnra rẹ̀ yọ ìgò náà jáde. Omi ló kún inú rẹ̀.

"Omi àdúrà ni, Auntie. Monday tí mo wá tún ilé ṣe ni mo rí ìgò yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bin. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e lọ sí church wa ní Thamesmead West, wọ́n gbàdúrà sí i. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́."

Francis bú sẹ́rìn-ín. Aláìnítìjú!

"Mr Francis, ìgbà wo lẹ wá síbí kẹ́yìn kí Mummy tó dé?" Inspector bi í.

"Two weeks. Mi ò débí rárá nígbà tí wọ́n wà ní hospital."

"Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ìlẹ̀kùn car ló há a."

Inspector jáde lọ tú bin. Ó rí ìgò márùn-ún, ìkarahun oyster, ẹran inú òkun, rẹpẹtẹ, àti tíṣù tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí.

"Mummy, ṣé ẹ máa ń jẹ oyster?"

"Oyster kẹ̀? Ó máa ń wú mi lẹ́nu. Daddy ló ń fi wáìnì yẹn jẹ ẹ́, òun àti Francis."

Inspector yíjú sí Francis. "Ẹni tó mu wáìnì yìí mọ̀ pé Daddy máa ń fi í jẹ oyster. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi di ọ̀bẹ mú láti ṣí i, ẹ fi òsì di ìkarahun. Ọ̀bẹ yọ̀, ó gún yín. Ìlẹ̀kùn máa ń tẹ èèyàn ni, kì í gúnni. Ẹ tú báńdéèjì yẹn, àbí ká gbé tíṣù lọ fún àyẹ̀wò?"

Francis ò tú u. "Wáìnì bàbá mi ni! Me and my guys... mi ò mọ̀ pé Mummy máa bínú tó báyẹn."

"Ẹ wá gbé e kọ́ obìnrin yìí lọ́rùn?"

Ó wo ilẹ̀. "Sorry, Mummy."

Àpèkẹ́ kọjú sí i. "Mummy nìkan? Francis, o mọ iye ìgò. Oògùn mélòó ni Mummy ń lò láàárọ̀?"

"Er... three?"

Mummy Veronica na ìka márààrún sí i lójú.