Ọ̀nà Àbùjá fún Màmá Olúyẹ́misí

"Dùnmínínú, fáìlì mi tún ti sọnù o!"

Ohùn Màmá Olúyẹ́misí ló gba ojú fèrèsé wọlé. Dùnmínínú, ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì SS2, sáré kọjá sí ilé kejì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, síbẹ̀ kò káwọ́ gbera. Ọwọ́ òsì ló fi ń tẹ ìtàn àwọn àgbà Ìyìn-Èkìtì, ìlú rẹ̀, sínú kọ̀ǹpútà. Áàpù ìkọ̀wé tí Dùnmínínú fúnra rẹ̀ ṣe ló sì ń lò.

"Kò sọnù, mà. Inú fódà mìíràn ló wà." Dùnmínínú bá a ṣí i. Òógùn ti bo iwájú orí ìyá náà.

"Ọmọ mi, bí mo bá fi gbogbo agbára mi wá ìtàn, kí ni n ó fi kọ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ti kù sí dẹ̀dẹ̀, áàpù yìí ló sì fẹ́ gbé lọ. Táíwò, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti gbà á nímọ̀ràn pé, "Fi orin sí i, kí àwòrán máa jó lórí ẹ̀! Ohun tó ń dán làwọn adájọ́ máa ń rí."

Orin náà wu Dùnmínínú. Kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n fẹ́ fún ẹni àkọ́kọ́ wù ú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ojú ìyá tó ń làágùn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó pinnu láti la ọ̀nà àbùjá fún ìyá: bí wọ́n bá ti fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àmì áàpù náà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, orúkọ àwọn fáìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yóò yọ, wọn yóò kàn mú èyí tí wọ́n fẹ́.

Ó kọ ọ́, kò ṣiṣẹ́. Ó tún un kọ, orúkọ kankan ò yọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún kó tó rí ibi tí ìṣòro wà: kò tíì sọ fún kọ̀ǹpútà pé áàpù òun ló ń ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Bó ṣe tún ìyẹn ṣe báyìí, orúkọ tò rẹrẹ. Ó fi áàpù tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà ìyá, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Níbi ìdíje, áàpù kan tó ń kọrin, tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ṣe, ló gba ipò kìíní. Ipò kẹta ni Dùnmínínú ṣe.

"Ṣé o rí i? Mo sọ fún ẹ!" ni Táíwò wí. Dùnmínínú kọjá lọ wọ ọkọ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbé wọn padà dé Òkè-Ìlá, àdúgbò wọn.

Àwọn méjèèjì yà sọ́dọ̀ Màmá Olúyẹ́misí. Ìyá ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Ó rọra na ọwọ́ òsì, ó tẹ àmì náà, ó mú orúkọ kan. Ìtàn rẹ̀ ṣí gbayawu.

"Mo rí i! Èmi fúnra mi ni mo rí i!" Ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn náà lọ.

Táíwò tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Ó fà mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Jọ̀ọ́, kọ́ mi bó o ṣe ṣe é."

Dùnmínínú nu ojú rẹ̀ nù. Ọjọ́ yẹn ló yé e pé ẹ̀bùn lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí a fi gbé ìnira kúrò lára ẹlòmíràn kò lè ṣòfò láé.